Ìgbà wo ló yẹ kí n fi iná mú ọrùn ìkarahun ọta rọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí ìbọn. Mò ń tún ìkarahun ọta .308 Winchester (irú ọta ìbọn kan) ṣe kí n lè tún wọn lò. Mo ti fọ̀ wọ́n, mo sì ti gé wọn kí gígùn wọn má ju 51.18 mm lọ. Ọrùn wọn ló ń dà mí láàmú. Idẹ tí wọ́n fi ṣe é ti le: ọta kan á wọlé wẹ́rẹ́, òmíràn á ní àfi kí n fi agbára tì í. Ojú ibi tí ọta ń bà sì ti wá ń lọ sókè sódò. Mo mọ̀ pé iná ò gbọdọ̀ dé ìdí ìkarahun. Bí ibẹ̀ bá rọ̀, ewu ńlá ni. Ṣé lẹ́yìn ìyìnbọn kọ̀ọ̀kan lẹ ń fi iná mú tiyín rọ̀, àbí ẹ máa ń dúró? Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé iná ti tó?