Báwo ni mo ṣe lè dé New York, kí n sì rìn káàkiri rẹ̀ láìná owó púpọ̀?

Olùkọ́ Àjàṣẹ́:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Olùkọ́ ni mí níhìn-ín ní Àjàṣẹ́. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Harlem, ní ìlú New York, ti ní kí n wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ òun, físà sì ti wà lọ́wọ́ mi. Owó ni ó kù tó ń kọ mí lóminú. Ṣé Kútọnu ni ó yẹ kí n ti wọkọ̀, àbí kí n lọ sí Lomé tàbí Èkó, tí àwọn èèyàn ní tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ dínwó? Iṣẹ́ alẹ́ ni àbúrò mi ń ṣe, kò ní lè wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú, n kò sì fẹ́ máa san owó takisí ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ jáde. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà ibẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ là á yé mi bí ẹni tí kò wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ rí.

Ará Kétu:
Ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò. Láti Kútọnu, ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọkọ̀ lójú ọ̀nà: Royal Air Maroc máa ń gba Casablanca, Air France sì máa ń gba Paris. Ethiopian ní ọkọ̀ tó ń ti Lomé lọ sí Amẹ́ríkà, òótọ́ sì ni pé iye rẹ̀ máa ń dínwó nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yọ̀ mọ́ ọn, ẹ ṣírò owó mọ́tò dé Hillacondji, owó ibi tí ẹ óò sùn, àti ìpadàbọ̀ pẹ̀lú ẹrù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Èkó pẹ̀lú ibodè Sẹ̀mẹ̀. Bí ìyàtọ̀ náà kò bá tó nǹkan, Kútọnu ni kí ẹ ti lọ. Ẹ yẹra fún oṣù Keje, oṣù Kẹjọ àti oṣù Kejìlá, kí ẹ sì wò ó dáadáa bóyá pápákọ̀ òfuurufú JFK ni wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì tàbí ti Newark, nítorí pé owó ọkọ̀ láti Newark wọ ìlú ju ti JFK lọ.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní Bronx:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wọ takisí rárá. Láti JFK dé Manhattan, apá ìlú tí Harlem wà, dọ́là 70 ni takisí aláwọ̀ yẹ́lò ń gbà, kí wọ́n tó fi owó afárá àti owó ọpẹ́ awakọ̀ lé e. AirTrain, ọkọ̀ ojú irin pápákọ̀ òfuurufú náà, ni kí ẹ wọ̀. Bí ẹ bá bá a dé ibùdókọ̀ Jamaica, ẹ óò san owó tó lé ní dọ́là 8 kí ẹ tó jáde, àti dọ́là 3 mìíràn fún ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Lefferts Boulevard, AirTrain kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Bọ́ọ̀sì Q10 tó ń gba ibẹ̀ kọjá yóò gbé yín dé Kew Gardens ní dọ́là 3, ẹ óò sì wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n kọ lẹ́tà E sí níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé ẹni tó bá ti san owó bọ́ọ̀sì ní wákàtí 2 láti bọ́ sínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ láìsan owó mìíràn, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ pé káàdì kan náà ni ó fi kan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Èyí dára fún ẹni tí káàdì báǹkì rẹ̀ ṣeé fi kan ẹ̀rọ, tí ẹrù rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí owó bébà nìkan ni ó wà lọ́wọ́ yín, tàbí tí àpótí yín wúwo, ẹ gba Jamaica, kí ẹ ra OMNY, káàdì tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀, lára ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Ó ń gba owó bébà.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú E ní 42 Street, kí ẹ wọ C tí wọ́n kọ Uptown (ìhà òkè ìlú) sí, yóò sì gbé yín dé 116 Street. Ẹ má ṣe wọ A ní ọ̀sán, nítorí pé láti 59 Street ni ó ti máa ń sáré lọ sí 125 Street láìdúró. Lóru, C kì í ṣiṣẹ́, A ni ó sì máa ń dúró ní gbogbo ibùdókọ̀ nígbà náà. Bí ẹ bá ṣìnà ní 116 Street, ẹ fi Faransé béèrè, nítorí pé àwọn ará Senegal àti Côte d'Ivoire kún àdúgbò náà.

Olùkọ́ Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an, àlàyé yìí yé mi yékéyéké. Bí mo bá ń wọkọ̀ lójoojúmọ́, ṣé dọ́là 3 yẹn kò ní di òkè?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní Bronx:
Kò ní di òkè. Bí owó tí ẹ ná lórí káàdì kan láàárín ọjọ́ 7 bá ti dé dọ́là 35, ọ̀fẹ́ ni ẹ óò máa wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ àti bọ́ọ̀sì inú ìlú títí ọjọ́ 7 náà yóò fi pé. Nítorí náà, ẹ má ṣe lo káàdì méjì.

Àwọn ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dé kò gba owó ìwọlé. Schomburg Center wà ní 135 Street, ní Harlem níbẹ̀, ilé ìkàwé ńlá nípa ìtàn àwọn ènìyàn dúdú ni. Èkejì ni African Burial Ground ní ìsàlẹ̀ Manhattan, ibi ìsìnkú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n kó lẹ́rú, èyí tí wọ́n hú jáde ní ọdún 1991 nígbà tí ìjọba fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀. Wọ́n tún òkú 419 sin ní ọdún 2003. Olùkọ́ tó wá láti Àjàṣẹ́, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Ouidah, èbúté tí wọ́n ti ń kó ẹrú, kò gbọdọ̀ fo ibẹ̀ dá. Láti ibẹ̀, ẹ lè lọ wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí erékùṣù Staten Island, tí kì í gba owó láti ọdún 1997. Apá ọ̀tún ni kí ẹ dúró sí ní àlọ, kí ẹ lè rí ère Òmìnira dáadáa, kí ẹ sì bá gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀ ní Staten Island kí ẹ tó tún wọlé fún àbọ̀, torí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró sínú rẹ̀ de àbọ̀.