“Ìlera ìbálòpọ̀” kọ́ ló yẹ ká pè é

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àbá tí ẹ̀gbọ́n wa láti Òmù-Àrán mú wá lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ fèsì sí. Wọ́n ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwọn ọ̀dọ́ tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá jà, kí wọ́n lè mọ ohun tí àìsàn náà àti ìtọ́jú rẹ̀ lè ṣe sí wọn ní ti ọkùnrin àti ti obìnrin. “Ìlera ìbálòpọ̀” ni wọ́n fi ṣe àkọlé, ọ̀pọ̀ yín sì ti gbà á wọlé. Ẹ má bínú, èmi ò gbà á.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Bá, lò, pọ̀. Èèyàn méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó dúró. Mo tẹ̀ lé àbúrò mi kan, ọmọ ọdún 22, lọ sí ilé ìwòsàn kan níbí ní Ìlọrin. Nọ́ọ̀sì tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ bi í pé: “Ìbálòpọ̀ ńkọ́, ṣé kò sí ìṣòro?” Ìyá rẹ̀ wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń da ògì gbígbóná láti inú fúláàsì sínú kọ́ọ̀bù. Kí ọmọ tó lanu, ìyá ti dáhùn: “Aúsù bílláhì! Ọmọ mi ò tíì gbéyàwó!” Ó dé fúláàsì náà gbàgà. Nọ́ọ̀sì fa ìlà kan sínú fáìlì, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ohun tó wà lẹ́nu ọmọ náà, ó gbé e mì.

Ẹni tí ò tíì ní ẹnìkejì, ṣé kò lára ni? Àwọn oníṣègùn jẹjẹrẹ máa ń ka ọ̀dọ́ láti ọdún 15 dé 39. (Ní Ìlọrin wa níbí, ẹni ọdún 39 ti lè máa bá ọmọ rẹ̀ wá ọkọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.) Ọ̀rọ̀ tí a bá mú gbọ́dọ̀ gba ọmọ ilé ìwé tí ò mọ ọkùnrin rí àti ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta.

“Ìlera” náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ara líle ni. Obìnrin tí wọ́n gé ọmú kan lára rẹ̀, tí dókítà ní àìsàn ti lọ, ara rẹ̀ lè le koko kó má sì lè bọ́ aṣọ níwájú ọkọ rẹ̀ tí iná bá wà ní títàn. Ara le, àlàáfíà ò sí. Àlàáfíà ni kí a lò. Lárúbáwá ló ti wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ onílé. Òun la sì fi ń bi ara wa láàárọ̀. Ta ló ń béèrè pé “ṣé ìlera ni?”

Inú ìwé náà gan-an le ju àkọlé lọ. “Akúra” ni wọ́n kọ fún ọ̀dọ́kùnrin tí nǹkan rẹ̀ ò dìde lẹ́yìn ìtọ́jú. Ẹ̀gbọ́n, èébú nìyẹn! Orúkọ tí wọ́n ń pe èèyàn ni, kì í ṣe orúkọ àìsàn, ẹni tó bá sì ti jẹ́ ẹ ládùúgbò ti jẹ ẹ́ gbé. Bẹ́ẹ̀, kẹ́mò, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, lè mú kó rẹ èèyàn débi pé kò ní wù ú rárá, iṣẹ́ abẹ nísàlẹ̀ ikùn lè kan iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára, ìbẹ̀rù nìkan náà tó fa á. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ṣeé tọ́jú. Ẹni tí wọ́n yọ kórópọ̀n kan fún pàápàá, èyí tó kù sábà máa ń tó iṣẹ́ ṣe. Ẹ kọ “kò dìde”, ẹ kọ “ó ń pẹ́ kó tó dìde”, kó parí síbẹ̀.

Ti obìnrin ńkọ́? “Nǹkan oṣù kásẹ̀ nílẹ̀” ni wọ́n kọ. Èyí tó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ti lọ nìyẹn. Kẹ́mò tàbí ìtànṣán tí wọ́n fi ń jó jẹjẹrẹ lè dá a dúró fún ọmọ ọdún 24, kí ooru máa mú un lójijì, kí ojú ara gbẹ, kó máa dùn ún. Ẹlòmíràn á tún padà rí i, ẹlòmíràn ò ní rí i mọ́. “Dánu dúró” ni kí ẹ kọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè lásán: ẹni tó bá ka “kásẹ̀ nílẹ̀” lè rò pé òun ò lè lóyún mọ́, kó má ṣọ́ra, kí oyún wá dé nígbà tí kẹ́mò ṣì wà lára, èyí tó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá.

“Báńkì àtọ̀”, ibi tí wọ́n ń tọ́jú àtọ̀ ọkùnrin pamọ́ sí, dára, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ ṣáà sọ pé kí kẹ́mò àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń fi pamọ́. Alfa àdúgbò wa ti ń béèrè bóyá báńkì náà ń gba èlé.

Fún àkọlé, “àlàáfíà abẹ́ aṣọ” ni mo mú wá. Àpá wà níbẹ̀, ọmú tí wọ́n gé wà níbẹ̀, ohun tó dìde àtohun tí ò dìde wà níbẹ̀. Ẹ lè sọ pé wíwù kì í gbé abẹ́ aṣọ, ọkàn ló ń gbé. Òótọ́ ni, mi ò rí èsì ìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo ti dán an wò. Mo padà lọ lọ́jọ́ Àlàmísì, ìyá wà níbẹ̀. Mo kí ọmọ náà bí a ti ń kíra: “Oúnjẹ ńkọ́? Oorun ńkọ́? Abẹ́ aṣọ ńkọ́, ṣé àlàáfíà ni?” Ìyá wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀, ó gbé fúláàsì, ó ní òun ń lọ ṣàn án. Ọmọ náà dúró títí a ò fi gbúròó bàtà ìyá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́, ó wá ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ súnmọ́ bí.”