Lẹ́yìn Angkor Wat, ibo ló tún yẹ ká dé ní Kàmbódíà?

Àdùkẹ́_Àjàṣẹ́

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ìbéèrè kan ló gbé mi wá, ó gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Ibi iṣẹ́ wa ń rán mi lọ sí Bangkok ní January fún ẹ̀kọ́ṣẹ́, tí ẹ̀kọ́ yẹn bá ti parí mo fẹ́ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan kí n kọjá sí Kàmbódíà lọ wo àwọn ilé òrìṣà àtijọ́ tí àwọn Khmer kọ́, torí láti kọ́lẹ́ẹ̀jì tí tíṣà ìtàn wa ti fi fọ́tò Bayon hàn wá, àwọn ojú ńlá ńlá tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lára òkúta yẹn, kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Màmá mi ló máa bá mi lọ. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ṣùgbọ́n wọ́n ṣì lágbára, Àlájà sì ni wọ́n, ẹran tí wọn ò bá mọ bí wọ́n ṣe pa á wọn ò ní fẹnu kàn án.

Gbogbo ibi tí mo ti kà nípa ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: ẹ jí ní ìdájí, ẹ lọ wo oòrùn tó ń yọ lẹ́yìn Angkor Wat, ẹ lọ síbi tí igi ti hù lé ilé lórí, ẹ ya fọ́tò, ó parí. Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn? Mo rí orúkọ Koh Ker, Sambor Prei Kuk, Preah Vihear, Banteay Chhmar, mi ò mọ èyí tí ọ̀sẹ̀ kan lè gbà nínú wọn. Mo tún gbọ́ pé wàhálà wà ní bọ́dà Táílàndì àti Kàmbódíà. Ẹni tó bá ti débẹ̀ kó bá mi dá sí i, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí fún mi.

Ọmọ_Àkàbà_Kétu

Àdùkẹ́, ẹ kú ìmúra o. Mo ti rin ibẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ tí mo ní fún yín kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má fi Angkor Wat bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i, gbogbo èyí tó kù á kéré lójú ẹ̀, kò sì ní mọ bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ wọ báàlù láti Bangkok lọ sí Phnom Penh, kí ẹ wá gba ọ̀nà ilẹ̀ gòkè lọ sí Siem Reap, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Angkor, olú-ìlú àtijọ́ àwọn Khmer tí Angkor Wat àti Bayon wà nínú ẹ̀. Ẹ dúró ní Kampong Thom, ó wà bí agbedeméjì ọ̀nà, ibẹ̀ ni ẹ ti máa yà sí Sambor Prei Kuk. Ọba Isanavarman ló ní olú-ìlú níbẹ̀ ní ọ̀rúndún keje, Isanapura ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé ó ti wà ní bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fi òkúta kan lélẹ̀ fún Angkor Wat. Bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn kan ní igun mẹ́jọ, inú igbó ni wọ́n wà, gbòǹgbò igi ti wé mọ́ òmíràn débi pé ẹ ò ní mọ èyí tó ń gbé èkejì ró. UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2017 ṣùgbọ́n àwọn àlejò ò pọ̀ níbẹ̀. Tí ẹ bá wọnú ọ̀kan, ẹ gbójú sókè. Ẹ máa rí i pé bíríkì kan ń yọ síwájú díẹ̀ lórí èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ìhà méjèèjì fi pàdé lókè. Bí àwọn Khmer ṣe ń bo ilé lórí nìyẹn títí dé ìgbẹ̀yìn, nígbà tí wọ́n tiẹ̀ ti ń lo òkúta. Ìdí nìyẹn tí yàrá wọn fi há, bó ti wù kí ilé náà tóbi tó. Èmi ò bá má mọ̀ ká ní Angkor ni mo kọ́kọ́ dé, ariwo èèyàn níbẹ̀ ò ní jẹ́ kéèyàn gbójú sókè.

Lẹ́yìn ìyẹn, láti Siem Reap, ẹ háyà mọ́tò lọ sí Koh Ker, ó tó kìlómítà 120, ẹ lè ya ilé òrìṣà Beng Mealea lójú ọ̀nà. Koh Ker ni olú-ìlú láti 928 sí 944, nígbà tí ọba Jayavarman Kẹrin kúrò ní Angkor lọ síbẹ̀. Òkìtì òkúta kan wà níbẹ̀ tó ní àgbékà méje, ó ga tó mítà 36, wọ́n fi pákó ṣe àtẹ̀gùn sẹ́yìn ẹ̀, kí màmá jókòó sí abẹ́ igi kí ẹ̀yin gùn ún. Ẹ má kúrò lójú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti là o, bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ tó kù láti ìgbà ogun pọ̀ ní agbègbè yẹn, wọn ò tíì wú gbogbo ẹ̀ tán.

Ohun tó dùn mí jù ní Koh Ker ni àwọn ibi ìdúró ère tí kò sí ère lórí ẹ̀. Àwọn olè gé ère kan ní ọrùn ẹsẹ̀ nígbà ogun, wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n tà á títí ó fi dé ilé títà ọjà olówó iyebíye ní New York. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó kù nílẹ̀ yẹn ni wọ́n fi mọ ibi tí ère náà ti wá, ó padà sílé ní 2014. Ẹ̀yin ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn, kí ẹ wá rántí ẹrù 26 tí Faransé kó padà fún Bẹ̀nẹ̀ ní November 2021. Ọmọ Kétu ni mí, ọba Abomey ló fọ́ ìlú wa ní 1886, a ò gbàgbé, síbẹ̀ inú mi dùn lọ́jọ́ tí àwọn ẹrù yẹn gúnlẹ̀ sí Kùtọnu. Ibi tí nǹkan ti kúrò ni kó padà sí.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó wá wọ Angkor. Ẹ máa rí yàrà tó yí Angkor Wat ká, fífẹ̀ ẹ̀ fẹ́ẹ̀ tó igba mítà, omi ló kún inú ẹ̀ bámú. Yangí ni wọ́n tò sábẹ́ àti sínú ògiri, yangí pupa bíi tiwa gan-an, òkúta tó ṣeé fín ni wọ́n wá fi bò ó. Àwa tí wọ́n bí sẹ́yìn yàrà àti Àkàbà Ìdènà, a mọ iye ọwọ́ tí irú iṣẹ́ yẹn ń gbà.

Ará_Òkè_Ṣábẹ

Ọmọ Àkàbà sọ ọ̀rọ̀ gidi ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ gbogbo ẹ̀ o. Ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, tẹ́ ẹ bá fi ìdajì ẹ̀ jókòó sínú mọ́tò ẹ ti fi ìyà jẹ wọ́n nìyẹn. Ẹ mú Sambor, kò burú, ojú ọ̀nà ló wà. Koh Ker, ẹ bi wọ́n fúnra wọn tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Angkor fúnra ẹ̀ ń fẹ́ àyè. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan dọ́là 37 ni, ti ọjọ́ mẹ́ta 62, ti ọjọ́ méje 72. Ti ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni kí ẹ rà torí kò pọn dandan kó tẹ̀ léra, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ẹ lè lò ó, kí màmá sinmi lónìí kí wọ́n jáde lọ́la. Ẹ má sì da ara yín láàmú nítorí oòrùn àárọ̀. Ìwọ̀-oòrùn ni Angkor Wat kọjú sí, ọ̀sán ni ìmọ́lẹ̀ máa ń bọ́ sí iwájú ẹ̀, ìgbà yẹn làwọ̀ òkúta yẹn máa ń yọ. Àtẹ̀gùn tó lọ sókè pátápátá ga ju, ó dà bíi kéèyàn máa gun ògiri, màmá ò nílò ẹ̀ rárá, torí iṣẹ́ tó dára jù wà nísàlẹ̀: ògiri yí gbogbo ilé ká, wọ́n fín ogun, ọba, ìdájọ́ òkú sí i, apá kan wà tí àwọn òrìṣà àti àwọn ẹ̀mí èṣù jọ ń fa ejò ńlá kan láti fi po òkun, ó gùn tó mítà 49. Ẹ rìn ín díẹ̀díẹ̀. Ẹ wọ aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún, ìyẹn ò ní ni Àlájà lára.

Bayon tí ẹ ń wí yẹn, ẹ má wo ojú òkè yẹn nìkan. Ẹ wo ògiri ìta ẹ̀. Ogun tí ọba Jayavarman Keje bá àwọn Cham, ẹ̀yà kan tó wà nítòsí wọn, jà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjà ló wù mí jù: obìnrin tó ń wọn nǹkan, àwọn tó ń fi àkùkọ jà, ẹni tó ń dáná, apẹja, aboyún tó ń rọbí. Ojoojúmọ́ ayé èèyàn lásán, lára ilé tí ọba kọ́. Màmá yín á dúró níbẹ̀ ju ẹ̀yin lọ, mo fọwọ́ sọ̀yà.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Wọ́n máa sọ fún yín pé ará Faransé kan, Henri Mouhot, ló rí Angkor ní 1860. Irọ́ ni. Àwọn àlùfáà Búdà ò fi Angkor Wat sílẹ̀ rí, abúlé wà láàárín gbogbo ẹ̀ títí dòní, èèyàn ń sun tùràrí níbẹ̀ láràárọ̀. Wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún àwa náà, kí wọ́n máa bá ọmọ onílé sọ pé àwọn làwọn rí ilé ẹ̀. Ẹ kí àwọn tí ẹ bá bá níbẹ̀ bí ẹ ṣe máa kí onílé.

Ìyá_Ìbejì_229

Àdùkẹ́ ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ìwé ló kàn mí. Káàdì àjẹsára yẹn, carte jaune, ìwọ àti màmá ẹ ẹ mú un dání, wọ́n máa ń bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Bẹ̀nẹ̀ wá ní Táílàndì àti ní Kàmbódíà. Tó o bá tún máa padà sí Bangkok lẹ́yìn Kàmbódíà, fisà Táílàndì tó gbà ẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ò ní tó, sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé o máa jáde kó o sì tún wọlé.

Bọ́dà ilẹ̀, má gbójú lé e. June 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì ní July, ó tún bẹ́ ní December. Preah Vihear orí òkè bọ́dà gan-an ló wà, ilé ẹjọ́ àgbáyé ti dá a fún Kàmbódíà láti 1962 síbẹ̀ ìjà ò tán lórí ẹ̀. Yọ ọ́ kúrò nínú ètò ẹ. Banteay Chhmar náà ò jìnnà sí bọ́dà yẹn, fi sílẹ̀. Báàlù ni kẹ́ ẹ wọ̀ ní àlọ àti àbọ̀. Ibùdókọ̀ òfurufú tuntun tí wọ́n ṣí ní Siem Reap ní 2023 jìnnà sí ìlú, ó lé ní kìlómítà 40, fi owó mọ́tò síṣirò.

Ti oúnjẹ, kí ọkàn Àlájà balẹ̀. Àwọn Cham jẹ́ Mùsùlùmí, mọ́ṣáláṣí wọn wà ní Siem Reap, ilé oúnjẹ halal sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Owó dọ́là ni wọ́n ń ná pẹ̀lú riel, owó ilẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n dọ́là tó bá ya díẹ̀ pẹ́ẹ́ wọn ò ní gbà á, yan èyí tó mọ́ ní bánkì.

Àdùkẹ́_Àjàṣẹ́

Ẹ ṣé ẹ ṣé, Ọlọ́run á ṣe tiyín náà. Mo ka gbogbo ẹ̀ sétí màmá, wọ́n ní àwọn máa gun òkìtì Koh Ker yẹn, kí ẹnikẹ́ni má jókòó ti àwọn sábẹ́ igi kankan. Wọ́n tún ní kí n bèèrè, nígbà tá a bá ṣì wà ní Bangkok, ṣé kò sí ilé Khmer kankan ní ìhà Táílàndì tá a lè lọ wò ní òpin ọ̀sẹ̀?

Ọmọ_Àkàbà_Kétu

Ó wà, Phimai. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì láti Bangkok lọ sí Nakhon Ratchasima, ẹ wọ òmíràn níbẹ̀, wákàtí kan àti díẹ̀ sí i. Ìparí ọ̀rúndún kọkànlá ni wọ́n kọ́ ọ, ó ṣáájú Angkor Wat, ọ̀nà ọba kan ló so ó pọ̀ mọ́ Angkor láyé ọjọ́un, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni bọ́dà tó wá. Àárín ìlú ló wà, ilẹ̀ tẹ́jú, ó jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń jà. Ẹ sun ibẹ̀ mọ́jú tẹ́ ẹ bá lè ṣe é, kẹ́ ẹ wọlé ní àárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú.