Àtagbà eléyín: kẹ̀kẹ́ àárín kì í ṣe ọ̀lẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Lórí ohun tí a ó máa pe gear drive ní Yorùbá, ìyẹn àwọn kẹ̀kẹ́ irin eléyín tó ń gbé agbára láti ọ̀pá kan fún òmíràn, àbá mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀. Ẹnì kan ní ká pè é ní "ẹ̀rọ ìyára". Èkejì ní "gíà" ti tó, kí la tún ń wá kiri? Ẹ̀kẹta to àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó pe kẹ̀kẹ́ tó wà láàárín méjì ní "kẹ̀kẹ́ ọ̀lẹ", ó sì pe àyè díẹ̀ tó máa ń wà níbi tí eyín ti wọnú eyín ní "àlàfo". Mo fẹ́ fi iṣẹ́ kan ṣoṣo dán gbogbo wọn wò: àpótí eléyín tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún ọkọ̀ tó ń sáré lórí pápá iyọ̀ Bonneville ní ìpínlẹ̀ Utah, Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, orúkọ tí kò bá iṣẹ́ mu lè fọ́ irin.

"Ẹ̀rọ ìyára" ni mo kọ́kọ́ ta kò. Ká ní ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 7,000 ní ìṣẹ́jú kan, táyà ẹ̀yìn ga tó 28 ínṣì láti ìsàlẹ̀ dé òkè, gíábọ́ọ̀sì wà ní gíà tó ń yí bákan náà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, àsù ẹ̀yìn, tó ń yí táyà, sì ń dín yíyí kù ní 3 sí 1. Táyà á yí ní nǹkan bí ìgbà 2,333 ní ìṣẹ́jú, ìyẹn sì jẹ́ 194 máìlì ní wákátì. Ẹ wá fi àpótí kan sáàárín gíábọ́ọ̀sì àti àsù, kí kẹ̀kẹ́ eléyín 33 máa yí eléyín 27. Ìṣirò náà á di 237 máìlì, bí ẹ́ńjìnnì bá lágbára tó láti la afẹ́fẹ́ kọjá. (Lórí iyọ̀ gan-an, iye náà á dín díẹ̀, torí táyà máa ń yọ̀.) Ẹ pààrọ̀ àyè àwọn kẹ̀kẹ́ méjèèjì, kí 27 máa yí 33: ó di 159 máìlì. Àpótí kan náà, kẹ̀kẹ́ kan náà. Ohun tó lè dín eré kù tó bó ṣe lè fi kún un, báwo la ṣe fẹ́ pè é ní ìyára?

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń gba agbára lọ́wọ́ ọ̀pá kan, ó ń gbé e fún òmíràn. A ti ní "àtagbà" lẹ́nu fún irú èyí, a sì ń lò ó fún ọ̀rọ̀ tó ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Nítorí náà, "àtagbà eléyín" ni àbá tèmi. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó bí àwọn àbúrò: "àtagbà oníṣéènì", "àtagbà oníbẹ́líìtì". A nílò wọn, torí ìtàn eré yìí gan-an kún fún ìjà láàárín wọn. Ṣéènì ni Babs, ọkọ̀ awakọ̀ eré sísá J. G. Parry-Thomas, fi ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nígbà tó dojú dé ní etíkun Pendine ní Wales ní March 3, 1927, tí ọkùnrin náà sì kú. Ó pẹ́ tí wọ́n ti gbà pé ṣéènì tó já ló pa á. Wọ́n hú ọkọ̀ náà jáde lábẹ́ iyanrìn ní 1969, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò sì rí ìdí láti ṣiyèméjì.

Ní ti "gíà", ẹ jẹ́ kó wà fún awakọ̀. "Fi sí gíà kejì", "gíà ò wọlé": ipò ni gíà ń tọ́ka sí níbẹ̀, kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá lọ bá tánà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, pé kó gé gíà fún yín, ohun tó máa bi yín ni iye eyín. "Eléyín 33" ti dá a lóhùn kó tó béèrè. Ẹ sọ "ìtóbi eyín" tẹ̀ lé e, ìyẹn ìwọ̀n ìbú kẹ̀kẹ́ níbi tí òun àti èkejì ti ń fara kanra, tí a pín sí iye eyín rẹ̀. Eyín tí ìtóbi wọn kò bá dọ́gba kò lè wọnú ara wọn láé. Ní ìtóbi 4 mìlímítà, eléyín 33 àti 27 jẹ́ 60 lápapọ̀, nítorí náà àárín ọ̀pá kan sí àárín èkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ 120 mìlímítà. Kẹ̀kẹ́ méjì yòówù tí eyín wọn bá pé 60 ló máa bọ́ sínú àpótí náà: 31 àti 29, 36 àti 24. Mo fara mọ́ 31 àti 29 ju àwọn yòókù lọ, torí yàtọ̀ sí 1, kò sí iye kan tó lè pín méjèèjì. Eyín kan á bá gbogbo eyín ẹnìkejì pàdé kó tó padà sí ti àkọ́kọ́, wọn á sì jẹ dọ́gba.

Èyí tó ká mi lára jù ni "kẹ̀kẹ́ ọ̀lẹ". Kẹ̀kẹ́ méjì tó wọnú ara wọn máa ń yí ní òdìkejì ara wọn. Bí ẹ bá lo méjì nìkan, ọkọ̀ á máa fi gíà iwájú lọ sẹ́yìn, àfi tí ẹ bá yí kúráòn, ìyẹn kẹ̀kẹ́ eléyín ńlá inú àsù, sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tí kò bá fẹ́ fọwọ́ kan àsù ló ń fi ẹ̀kẹta sáàárín. Òótọ́ ni pé iye eyín ẹ̀kẹta yìí kò yí ìṣirò eré padà. Ẹ wá wo eyín rẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tó bá bá kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ pàdé, ojú rẹ̀ kan ni wọ́n ń tì. Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ kẹ̀kẹ́ kejì, ojú kejì ló fi ń ti ẹlòmíì. Ó tẹ̀ síhìn-ín, ó tẹ̀ sọ́hùn-ún, nínú ìyípo kan ṣoṣo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Eyín àwọn méjì yòókù ń tẹ̀ sí apá kan péré. Ìdí nìyí tí ìdí eyín kẹ̀kẹ́ àárín fi máa ń sán ṣáájú tiwọn.

Ẹni tó bá gbọ́ "ọ̀lẹ" á gé e tẹ́ẹ́rẹ́, á lu ihò sí i lára kó lè fúyẹ́, á fi irin tó kù nílẹ̀ ṣe é, á sì gbé e ka béárìn kan. Gbogbo rẹ̀ ni àṣìṣe. Kó fẹ̀ tó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí irin wọn jẹ́ ọ̀kan náà, kí wọ́n dán ìdí eyín rẹ̀ títí àpá ọ̀bẹ ẹ̀rọ ò ní sí níbẹ̀ mọ́, kí béárìn sì wà lápá ọ̀tún àti òsì. "Kẹ̀kẹ́ alárinà" ló yẹ ẹ́. Kò sí Yorùbá tó rò pé iṣẹ́ alárinà rọrùn.

Ó ku "àlàfo". Àlàfo wà lóòótọ́, àmọ́ láàárín eyín méjì lórí kẹ̀kẹ́ kan náà ló wà, a sì ti ní èéjí fún irú rẹ̀ lẹ́nu èèyàn. Èyí tí ọ̀rẹ́ wa ń sọ ni ibi tí eyín tó wọnú èéjí ẹnìkejì ti ń mì díẹ̀. Àyè ni. Àlàfo ń dún bí ohun tó yẹ ká dí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá dí i ti ba àpótí jẹ́. Fún ìtóbi eyín 4, 0.12 sí 0.20 mìlímítà dára. Ẹ di kẹ̀kẹ́ kan mú, ẹ fi gọ́jì olójú aago kan eyín èkejì, kí ẹ mì ín. Ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́rin yí ká. Bí iye bá yàtọ̀ gan-an, kẹ̀kẹ́ náà kò rógbódó. Eré lórí iyọ̀ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kẹ̀kẹ́ irin á sì ti gbóná kí àpótí alumíníọ̀mù tó mọ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá fi 50 ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì gbóná ju àpótí lọ, á jẹ nǹkan bí 0.05 mìlímítà nínú àyè náà. Ẹni tó fi 0.03 sílẹ̀ á gbọ́ ìpayínkeke, béárìn á sì jóná. Tí àpótí bá wá gbóná tán, alumíníọ̀mù á wú ju irin lọ, àyè á tún fẹ̀.

Kí àyè náà má yẹ̀, ẹ fi píìnì méjì tó há gírígírí so ògiri àpótí méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó lu ihò béárìn, kí ẹ sì lu àwọn ihò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìtú wọn. Bóótì nìkan kò tó, torí ihò bóótì máa ń tóbi ju bóótì lọ. Ọ́ìlì náà ńkọ́? Eyín eléyín 33 ń sá nǹkan bí 48 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò fọ́n ọ́ìlì dànù. Ẹ fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tú u sí ojú ibi tí eyín ti ń pàdé. Ẹ má rì í sínú agbami.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì dá lábàá: ọ̀pá tí wọ́n gé ilà lẹ́sẹẹsẹ sí lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí kẹ̀kẹ́ eléyín lè yọ́ wọlé, yọ́ jáde, síbẹ̀ kó má lè yí lásán lórí rẹ̀. Òun ló jẹ́ kí èèyàn lè ṣí ìdérí, pààrọ̀ 31 àti 29 sí 33 àti 27, láìtú àpótí kúrò lára ọkọ̀. "Ọ̀pá onílà" ni mo dá lábàá. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó gbé e wá.