Ẹsẹ̀ òsì tó gbé Bulgaria dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò

Nínú gbogbo ìkọ̀ kéékèèké tí mo ti rí tó ń dójú ti àwọn ńlá, Bulgaria ọdún 1994 ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, nítorí pé títí di ọdún náà, wọn kò borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé kankan rí.

Nàìjíríà ni wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé. Aago méjìlá òru ti kọjá ní Àkúrẹ́ nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀ ní Dallas, a sì kún yàrá kan bámúbámú nítòsí Ọjà Ọba. Yekini jẹ góòlù, Amokachi jẹ tirẹ̀, Amuneke fi orí kan ẹ̀kẹta, ariwo sì gba àdúgbò. Ṣùgbọ́n Hristo Stoichkov, ẹlẹ́sẹ̀ òsì tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Bulgaria, ti gbá fíríkíìkì kan wọ àwọ̀n wa, èyí tí rẹfirí fagi lé nítorí pé ó yẹ kí ẹlòmíràn fara kan bọ́ọ̀lù náà kí ó tó wọlé. Àbúrò mi kò bá wa rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ẹlẹ́sẹ̀ òsì ni òun náà. Nílé, wọ́n máa ń gbá a lọ́wọ́ bí ó bá na ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ṣùgbọ́n lórí pápá ilé ìwé, gbogbo wa la máa ń yẹra fún un bí wọ́n bá ti gba fáálù ní apá ọ̀tún. Yóò gbé bọ́ọ̀lù náà kalẹ̀, yóò fi inú ẹsẹ̀ gbá a bíi pé ìta ló ń lọ, àfi kí ó tẹ̀ láti òsì bọ̀ sí ọ̀tún, kí ó sì wọlé. Ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún ni àwọn aṣọ́lé ń bá pàdé lójoojúmọ́, nítorí náà ojú wọn kì í tètè mọ́ irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 10 oṣù Keje, nígbà tí Italy ti lé wa kúrò, Bulgaria kojú Jámánì tó gba ife náà ní 1990. Matthäus ará Jámánì fi pẹnátì jẹ góòlù. Nígbà tó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Stoichkov dúró ti fíríkíìkì, àbúrò mi sì ti dìde kí ó tó sáré gbá a. Bọ́ọ̀lù náà gba orí odi àwọn ará Jámánì kọjá, Illgner, aṣọ́lé wọn, kò sì rí i mú. Kò pẹ́ tí Letchkov fi orí kan ẹ̀kejì fún Bulgaria. Ẹ rántí pé àwọn tí a nà ní 3-0 ni wọ́n o!

Àwọn kan á ní Cameroon ọdún 1990 ló yani lẹ́nu jù. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi, nítorí pé agbábọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án ni wọ́n kù tí wọ́n fi parí eré tí wọ́n ti borí Argentina, ṣùgbọ́n England dá wọn dúró ní ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ, Bulgaria sì kọjá ibẹ̀. Góòlù 6 ni Stoichkov jẹ nínú ìdíje náà. Òun àti Salenko ará Russia ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn ẹni tó jẹ góòlù jù.

Lọ́dún 1996, nígbà tí Amuneke, ẹlẹ́sẹ̀ òsì tiwa, jẹ góòlù ẹ̀kẹta tí a fi borí Argentina ní 3-2 nínú àṣekágbá Òlíńpíìkì, àbúrò mi nìkan ni kò yà lẹ́nu nínú gbogbo ilé wa.