Ìwé wo lẹ kọ́kọ́ kà nígbà tí ẹ ń wá Jésù?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rẹ́ mi kan tí wọ́n bí sílé Mùsùlùmí fẹ́ mọ ohun tí àwa onígbàgbọ́ gbà gbọ́, kó tó pinnu ohunkóhun. Ibo nínú Bíbélì ni kó ti bẹ̀rẹ̀?

Màmá Tóyìn: Máàkù. Orí 16 péré.

Adé Ògbómọ̀ṣọ́: Jẹ́nẹ́sísì lèmi ti bẹ̀rẹ̀, òun ló ṣáà wà níwájú. Ìtàn Jósẹ́fù dùn mọ́ mi gan-an. Mo dé Léfítíkù, ẹbọ lórí ẹbọ, ọ̀rọ̀ adẹ́tẹ̀, mo bá pa á dé. Ó pẹ́ kí ẹnì kan tó ní kí n ṣí Lúùkù 15, ọmọ tó ná ogún rẹ̀ dànù, tí bàbá rẹ̀ sáré lọ dì mọ́ ọn. Bàbá tèmi ò sáré pàdé mi rí. Mo sunkún gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá Ìbejì: Adé, ẹ pẹ̀lẹ́. Ní tèmi, Sáàmù 35 ni wọ́n ní kí n máa kà sínú omi lóru kí ọ̀tá lè ṣubú. Mi ò tíì mọ Jésù, mo ti ń ka orúkọ àwọn ọ̀tá mi.

Ṣẹ́gun Ìlá: Kí ló burú nínú Sáàmù? Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kọ́ ni?

Ìyá Ìbejì: Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì ka Mátíù 5, níbi tí Jésù ti ní ká fẹ́ràn ọ̀tá wa, ọfọ̀ ló máa fi Sáàmù pè.

Ṣẹ́gun Ìlá: Sáàmù yìí náà làwọn ìyá wa fi la ìṣòro kọjá. Ẹ má pè é lọ́fọ̀ níṣojú mi.

Màmá Tóyìn: Kó fi Sáàmù 23 kún Máàkù, ẹ jọ̀ọ́.

Olùkọ́ Ọ̀yọ́: Kò pọn dandan kó ka gbogbo rẹ̀ tán. Ní 1850 ni Róòmù tí Àjàyí Crowther túmọ̀ jáde. Odindi Bíbélì Yorùbá di 1884. Bí ìwé kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde làwọn baba wa ń kà á.

Ràṣídì: Ilé Mùsùlùmí lèmi náà ti wá. Jòhánù ló rú mi lójú jù, nítorí “Ọmọ Ọlọ́run” yẹn. Olùkọ́ wa ní kíláàsì ìrìbọmi ní kí n kọ ìbéèrè mi sílẹ̀, a sì jọ ń kà á. Má jẹ́ kó dá kà á.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ìbàdàn ló wà, kò sì fẹ́ kí bàbá rẹ̀ tíì gbọ́. Ṣé ẹ mọ obìnrin kan níbẹ̀ tó lè bá a jókòó?