Báwo la ṣe ń mọ ẹni tó wà lẹ́yìn oníṣòwò epo tó fẹ́ joyè?

Ọmọ Owé (Kàbbà):
Ẹ okun o, ẹ̀yin ará ilé. Oníṣòwò epo kan fẹ́ joyè, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè sì ní ká wádìí rẹ̀ kí ìwé tó dé ààfin. Àwọn èèyàn ní àna ìdílé olóṣèlú kan ni, pé àwọn gan-an ló ni owó. Àwòrán ìgbéyàwó nìkan ló wà lọ́wọ́. Níbo la ti lè rí ẹ̀rí tó dúró?

Ará Ìyàrà:
Ẹ kọ́kọ́ bi í pé, epo wo? Ẹni tó ní ilé epo mẹ́ta lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja àti ẹni tó ní kànga epo, oníṣòwò epo la ń pe àwọn méjèèjì, àmọ́ ìwé wọn kì í ṣe ọ̀kan. (Kànga Ìbàjì lódìkejì Ọya ló sọ Kogi di ìpínlẹ̀ elépo ní 2022, lọ́dọ̀ tiwa, ilé epo ló pọ̀.) Láti ìgbà òfin epo 2021, àjọ ìjọba tó ń jẹ́ NUPRC ló ń bójú tó ìwé àṣẹ oníkànga, àjọ kejì, NMDPRA, ló ń fún onídípò àti onílé epo ní tiwọn. Bí iléeṣẹ́ rẹ̀ kò bá sí lọ́dọ̀ ìkankan, ó lè jẹ́ alárinà lásán, ibẹ̀ sì ni mímọ olóṣèlú ti ń mówó wọlé jù.

Ẹ gba nọ́ńbà RC (nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀) lórí lẹ́tà iléeṣẹ́ náà. Ẹ má fi orúkọ ara pátákó wá a, orúkọ ìtajà lè yàtọ̀ pátápátá sí ti CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀. Ìwádìí ọ̀fẹ́ CAC á fi àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ hàn yín. Ẹ wá lọ sí ìwé àwọn tó ni iléeṣẹ́ gan-an, èyí tí CAC ṣí fún gbogbo ènìyàn ní 2023: ẹni tó bá ní ìpín 5% sókè gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ti kànga, NEITI, àjọ ìjọba tó ń tọpa owó epo, náà ní tiwọn láti 2019. Àwọn olùdarí ńkọ́? Ẹ sanwó fún status report, ìyẹn ìwé tó ń sọ bí iléeṣẹ́ náà ṣe wà.

Bùnú Gangan:
Òótọ́ ni, àmọ́ 5% yẹn gan-an ni ihò. Bí ará ilé mẹ́rin bá mú 4% 4%, 16% ti wà nílé kan, orúkọ ẹnikẹ́ni sì lè má jáde. Ìyàwó lè lo orúkọ bàbá rẹ̀. Ọmọ lè fi orúkọ àárín ṣe orúkọ ìdílé.

Ẹ wo iléeṣẹ́ epo Malabu. April 1998 ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀; ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ó gba OPL 245, ìyẹn àṣẹ láti wá epo lábẹ́ òkun, Dan Etete sì ni mínísítà epo. Lórí ìwé, "Mohammed Sani" ni wọ́n kọ fún ọmọ Abacha, wọ́n gé Abacha kúrò. 2013 ni ilé-ẹjọ́ London tó sọ pé Etete ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Torí náà, àdírẹ́sì ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ ju orúkọ lọ. Bí iléeṣẹ́ mẹ́ta bá ń lo yàrá kan náà àti agbẹjọ́rò kan náà, ẹ fàlà sí i. Kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ tí olùdarí kọ̀ọ̀kan wọlé àti ọjọ́ tó jáde. Ẹ̀rí pé ọmọ di olùdarí lóṣù kejì lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ di kọmíṣánnà lágbára ju ọgọ́rùn-ún àwòrán ìgbéyàwó lọ.

Ọmọ Owé:
Ẹ ṣé gan-an. Owó ìpolongo tí wọ́n ní oníṣòwò náà ń fún àwọn olóṣèlú náà ńkọ́?

Ará Ìyàrà:
Òfin ìdìbò máa ń fi ààlà sí iye tí ẹnì kan lè fún olùdíje kan; lábẹ́ òfin 2022, 50 mílíọ̀nù náírà ni ààlà náà. Ibi tí wọ́n ti ń gbà yọ ni pé kí iléeṣẹ́ mẹ́rin máa san án lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìdí nìyẹn tí àdírẹ́sì tí Bùnú ń wí fi ṣe pàtàkì. Àmọ́ ẹ má gbé nǹkan kan sórí WhatsApp o. Kéèyàn jẹ́ àna olóṣèlú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì lè fi òfin íntánẹ́ẹ̀tì 2015 mú ẹni tó bá parọ́ mọ́ni.

Bùnú Gangan:
Ohun kan ṣì kù. Bí CAC bá kọ INACTIVE síwájú orúkọ iléeṣẹ́ náà, kò túmọ̀ sí pé ó ti kú. Kò fi ìwé ìròyìn ọdọọdún rẹ̀ ránṣẹ́ sí CAC ni. Ẹ ní kó lọ fi í ránṣẹ́ ná, kẹ́ ẹ tó gbé ìwé lọ sáàfin.